Kẹ̀kẹ́ Méjì Nínú Aṣálẹ̀: Ohun tí Èmi àti Ìyá Tósìn Lọ Rí

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì ní ẹ̀kọ́ nípa aṣálẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa yà á sára pátákó ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí Ìṣẹ́, mo tún yà á níbẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ó máa ń gbóná lọ́sàn-án, ó máa ń tutù lóru, òjò kì í sì í sábà rọ̀ níbẹ̀. Ó parí. Ohun tí ìwé wí ni èmi náà wí. Bí ọmọ kan bá wá nawọ́ sókè tó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" mo máa ń ní kó jókòó.

Mo ti débẹ̀ báyìí. Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Tósìn, gun kẹ̀kẹ́ la etí aṣálẹ̀ ńlá yẹn kọjá, láti gúúsù Mòrókò, a gba Mọriténíà, títí a fi dé odò Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n wá ròyìn, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mọ́tò ni a wọ̀ tí a wá ń pe ara wa ní ọlọ́kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin náà ẹ sún mọ́ ibí.

Kí a tó kúrò nílé

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Ọmọ Emùré ni ìyàwó mi, èdè Faransé ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn ní gbogbo Sátidé láti Ìkẹ́rẹ́, gba Ìṣẹ́, títí dé ilé bàbá rẹ̀ ní Emùré. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń nu òógùn ojú mi kí wọ́n tó rí mi. Nítorí náà, nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, tí mo ní kí a lọ fi kẹ̀kẹ́ wo aṣálẹ̀ tí mo fi ń da ọmọ ọlọ́mọ láàmú, kò sọ pé orí mi dàrú. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, àmọ́ òun ni yóò máa sọ Faransé, kí èmi máa dákẹ́. Ó rọrùn fún mi láti ṣèlérí ìyẹn, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

A fi ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ́ kọ́ra. Ní àràárọ̀, àwọn ọlọ́kadà á rọra dẹ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Bàbá, ṣé ọ̀kadà yín bàjẹ́ ni?" Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ní Ìṣẹ́ fa Ìyá Tósìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun, ṣé ọmọ tí a bí kì í fi nǹkan ránṣẹ́ ni. Ìyá Tósìn ní ó ń fi í ránṣẹ́. Ìyá náà wo kẹ̀kẹ́, ó wo Ìyá Tósìn, ó sì bu ẹ̀pà fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a lọ nígbà tí Tósìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, pè wá láti Kánádà. Ó lóyún. Ayọ̀ kún inú wa, a jó nínú pálọ̀ bí ẹni tí kò ní eegun tó ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun fẹ́ kí màmá òun wá bá òun tọ́ ọmọ náà fún ọdún méjì, títí yóò fi tó jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá rẹ̀ yíjú wò mí. Mo ní, "Kò burú. Ọmọ ló ni ìyá. Èmi á ti rí i ṣe." Ìyá Tósìn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí a bá ti ìrìn-àjò dé, òun á fún un lésì, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Irọ́ gbáà ni mo pa. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́ ọmọ-ọmọ lókè òkun fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà yẹn ti di ọdún mẹ́rin báyìí, ọkùnrin náà sì ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù irú rẹ̀ ń bà mí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ pé kí ìyá má lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀? Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì gbé e rìnrìn-àjò.

Ibi tí igi ti tán

Aṣálẹ̀ kì í dé lójijì. Igi ni yóò kọ́kọ́ máa dín kù, díẹ̀díẹ̀, bí irun orí mi ṣe ṣe. Lẹ́yìn náà yóò ku igbó kúkúrú gbígbẹ tí ewúrẹ́ pàápàá ń ronú kó tó jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wò síwájú, mo wò sẹ́yìn, mi ò rí ohunkóhun tó ga ju Ìyá Tósìn lọ. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ilẹ̀ gbalasa wà lọ́wọ́ òsì, títì ọlọ́dà sì nà lọ tààrà láàárín wọn. Èmi tí wọ́n bí sí ìdí Òkè Olósùnta, tó jẹ́ pé òkè ni mo fi ń mọ ibi tí ilé wà láti kékeré, ojú mi ń wá ohun tí yóò gbára lé, kò rí i. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ́ mi lára.

Iyanrìn náà kì í sì í ṣe pupa bí mo ṣe ń yà á. Ó funfun níbì kan, ó dúdú bí èédú níbòmíràn, òkúta wẹ́wẹ́ ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Gbogbo ọmọ tí mo gé máàkì rẹ̀ nítorí àwọ̀ aṣálẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Afẹ́fẹ́ ń tì wá lẹ́yìn, inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ètè wa bó. Ọyẹ́ tó máa ń wá bó wa lẹ́nu nílé ní oṣù Kejìlá, ìlú rẹ̀ la wá yìí. Òrí tí Ìyá Tósìn gbé dání ló yọ wá. Ohun kan ṣoṣo tí òrí kò lè tún ṣe ni oúnjẹ. Gaàrí tí a gbé láti ilé kò bá omi ibẹ̀ rẹ́, nítorí pé omi náà níyọ̀. A ń mu ún bí ẹní ń mu oògùn. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó sábẹ́ òjìji àmì ojú ọ̀nà kan, nítorí òun nìkan ni òjìji tó wà, Ìyá Tósìn mí kanlẹ̀.

"Bí mo bá lè rí uṣu kan ṣoṣo báyìí, mà á gún un."

"Odó ńkọ́?"

"Orí rẹ wà ńbẹ̀. Ó le tó."

Ẹ̀yìn wa ni Yúróòpù wà

Níbi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé wò, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń bá pàdé. Ènìyàn dúdú tí wọ́n máa ń rí lójú ọ̀nà yẹn, òkè, níhà àríwá, ló ń lọ, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi sọdá òkun. Àwa nìkan là ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá wọn kan fara balẹ̀ ṣàlàyé fún Ìyá Tósìn, pẹ̀lú àánú lójú rẹ̀, pé a ti ṣìnà, pé ẹ̀yìn wa ni Yúróòpù wà. Ìyá Tósìn ní a mọ̀, àti pé apá ilé wa là ń kọjú sí. Ọ̀gá náà pe àwọn yòókù jáde. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ wa po, wọ́n tẹ táyà rẹ̀ wò, wọ́n bi wá ní ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n gbé tíì àti búrẹ́dì fún wa, ọ̀gá náà sì fi ọwọ́ lé àyà kí a tó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ó dùn mí díẹ̀. Tíṣà ni mí nílé, ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Níbẹ̀ yẹn, ẹni tó ń sá fún nǹkan ni mo jẹ́ lójú ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rí mi, títí ìyàwó mi yóò fi la ẹnu. Àjèjì kì í ní orúkọ kí ẹnì kan tó bi í.

Bí wọ́n bá ti wá bi ọ́ tán, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn yẹn mọ̀ ọ́n kí. Mo rò pé àwa Èkìtì la mọ ìkíni jù, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tiwọn. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí ilé rẹ, wọ́n á béèrè ara rẹ, ara ọmọ rẹ, bí ọ̀nà ṣe rí, bí ẹran ọ̀sìn rẹ ṣe wà. Mo ní kí Ìyá Tósìn sọ fún ẹnì kan pé adìẹ mẹ́ta ni mo ní, ara wọn sì le. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ìlú apẹja kan létí òkun, a bá àwọn ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ja nínú abọ́ ńlá kan. Wọ́n ké sí wa. Mo tẹríba, mo ní, "Á gba ibi ire o," bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, Ìyá Tósìn ti jókòó, ó ti fọ ọwọ́, òkèlè ti wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó ni oúnjẹ ń bó ẹja, ó ń ti ibi tó lẹ́ran jù síwájú rẹ̀. Kálukú ń jẹ iwájú ara rẹ̀ nìkan, kò sí ẹni tó na ọwọ́ kọjá ààlà. Èmi dúró bí òpó. Nígbẹ̀yìn mo fi ìtìjú jókòó, oúnjẹ ti kù díẹ̀. Ìyá Tósìn ní kí n lajú mi, pé ní ìlú yìí, ẹni tó bá pè ọ́ fẹ́ kí o wá. Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò tíì gbọ́.

Àgọ́ Bàbá Sàlẹ́kù

Mọriténíà la wà, ó ku bí ọjọ́ márùn-ún kí a dé odò. Ọ̀sán ni. Àgọ́ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, òun nìkan, kò sí ilé mìíràn níwájú tàbí lẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan jáde láti inú rẹ̀, ó gbé igbá wàrà ràkúnmí dání, ó na ọwọ́ kejì sókè. Sàlẹ́kù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ Faransé díẹ̀. Ó kí wa fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ojú ọ̀run, ó bá Ìyá Tósìn sọ̀rọ̀.

Ó ní afẹ́fẹ́ yóò yí padà. Ó ní kí a wọlé, kí a jẹun, kí a sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, nítorí pé ẹ̀yin ará ilé nìkan lẹ lè gbọ́ ọ yé. Lọ́dọ̀ wa, ìpè àkọ́kọ́ kì í ṣe ìpè. Wọ́n ní wá jẹun, o ní á gba ibi ire. Wọ́n ní ó tì o, bu òkèlè kan, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ bínú, lo tó fọwọ́. Ìyá mi gbá mi létí nítorí rẹ̀ rí, ní ìpàdé mọ̀lẹ́bí, nítorí pé mo jókòó sídìí iyán onílé ní ìpè àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ ọmọdé yẹn kò kúrò lára mi, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé wàrà yẹn ń wù mí débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Sọ fún bàbá pé a dúpẹ́ púpọ̀. Sọ fún wọn pé a ti yó, a ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu."

Ìyá Tósìn wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́. Bàbá Sàlẹ́kù fi ọwọ́ lé àyà, ó tẹríba díẹ̀, ó gbé wàrà rẹ̀, ó sì wọ inú àgọ́ lọ.

Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú, mo ń dúró. Mo tún bàtà mi so. Mo yẹ ṣéènì wò. Aṣọ ẹnu àgọ́ kò mì. Ìyá Tósìn ti gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ti ń lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tẹ̀ lé e. Mi ò tilẹ̀ lè tọrọ omi. Ẹni tó ti ní òun yó, ẹnu wo ni yóò fi tọrọ omi?

Kò tó wákàtí kan tí afẹ́fẹ́ fi yí padà. Èyí tó ti ń tì wá lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá bọ́ síwájú wa, ó sì gbé iyanrìn lọ́wọ́. Ojú ọ̀run di àwọ̀ èlùbọ́. A kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, a ń tì í, iyanrìn ń ta wá lójú àti lẹ́sẹ̀ bí ìjàlọ. Mo gbé ìgò omi wò, ọ̀kan ló kù, kò sì kún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìyá Tósìn ti jókòó sílẹ̀, ó fi ìborùn bo orí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sáré lọ bá a, mo bu omi sí i lẹ́nu.

Èdè Emùré ló máa ń sọ bí inú bá ń bí i. "Unú ń bí mi sí ọ," ó wí. "Ebi ń pa ọ́, o ní o yó. Kí lo ń dúró dè níwájú ulé olúlé?"

"Mo rò pé yóò tún pè wá lẹ́ẹ̀kan sí i."

"O mọ̀ pé èè pe ẹni lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìwọ náà mọ̀. Kí ló dé tí o sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? O lè yí i padà."

Ó ṣí ìborùn kúrò lójú. "Ohun tó o sọ ni mo sọ, Bàbá Tósìn. Ó ti sú mi kí n máa túmọ̀ ohun tí o kò sọ."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàrà nìkan. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, a yí orí padà, afẹ́fẹ́ sì gbé wa padà síbi tí a ti wá.

Bàbá Sàlẹ́kù ń dúró níta, oòrùn kò tíì wọ̀. Ó sáré wá di kẹ̀kẹ́ Ìyá Tósìn mú. N kò jẹ́ kó kí wa tán. Mo ní, "Sọ fún wọn pé ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ó sì ti rẹ̀ mí." Kò sí ìgbà tí mo tíì fi ẹnu ara mi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ rí fún ẹni tí kì í ṣe ìyá mi. Bàbá náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìyá Tósìn túmọ̀ èsì rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Gíláàsì mẹ́ta

Ìyàwó bàbá náà fún wa ní èso dàbínù àti wàrà, lẹ́yìn náà ló wá gbé búrẹ́dì tó sun nínú iyanrìn gbígbóná jáde. Mo ń retí kí iyanrìn máa ró lẹ́yìn eyín mi, kò ró. Kí a tó jẹun, Ìyá Tósìn di ojú ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Bàbá àti ìyá náà tẹ orí ba títí ó fi ṣe àmín, àwọn náà sì wí tiwọn. Níta, afẹ́fẹ́ ń lu àgọ́. Nínú ilé, ara tù wá.

Tíì kan wà tí wọ́n ń pọn níbẹ̀, gíláàsì kéékèèké mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ti àkọ́kọ́ korò, ṣúgà á wá máa pọ̀ sí i. Bí o bá dìde kí o tó mu ẹ̀kẹta, o ti fi wọ́n wọ́lẹ̀. Láàárín gíláàsì méjì yóò pẹ́, nítorí náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ní gíláàsì kejì, bàbá náà béèrè ọmọ wa. Ìyá Tósìn sọ fún un nípa Tósìn, nípa oyún, nípa Kánádà. Mo gbọ́ "ọdún méjì" nínú Faransé rẹ̀, nítorí pé ó fi ìka méjì hàn. Bàbá náà ronú. Ó kọjú sí èmi, ó sọ gbólóhùn kan, kò gùn.

Ìyá Tósìn ń yí gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní kí n bi ọ́ pé, ṣé o fẹ́ kí n lọ."

Ẹ wò ó, ẹnu ìyàwó mi ni ìbéèrè náà ti jáde, ọ̀rọ̀ bàbá onílé ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ òun náà. Ó ń wò mí. Bàbá arúgbó náà ń wò mí. Mo ti jẹ ìyà ọjọ́ yẹn tán, mo ti rí ohun tí ẹnu dídùn ń fà báni. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe wàrà. Mo ní, "Sọ fún wọn pé ọmọ ló ni ìyá."

Ó túmọ̀ rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Bàbá náà mi orí. Ó ní ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ó gba ohun tí mo sọ gbọ́. Ó da tíì kẹta, ó dùn bí oyin, èmi kò sì mọ adùn rẹ̀. Ìyá Tósìn mu tirẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Bàbá náà rọ omi kún gbogbo ìgò wa. Mo fún un ní gaàrí tó kù, mo fi hàn án bí a ṣe ń mu ún. Ó tọ́ ọ wò, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó sì fi ìyókù fún ewúrẹ́ nígbà tó rò pé a ti kọjá. N kò bínú sí i.

Odò

Ọjọ́ márùn-ún ni a fi gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Kì í ṣe ìjà. Ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ omi, mo ń bi í bóyá ẹsẹ̀ ń ro ó. Lálẹ́, ó ń fi òrí pa mí lẹ́yìn ọrùn níbi tí oòrùn ti bó mi. N kò lè sọ fún yín bí ó ṣe dùn mí tó pé ọwọ́ yẹn wà lára mi, mo sì ti fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà, igi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́gùn-ún kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ẹyẹ dé. Koríko tútù dé, ìrẹsì nínú omi dé, mo sì gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ kí n tó rí odò. Bí Emùré ṣe ń rùn lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni. Ìyá Tósìn ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú aṣọ lára. Ó ń bu omi sójú, ó ń pariwo bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

A jókòó létí odò láti dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wa sọdá. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ nísàlẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wa, kò sí Faransé, kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti inú ìjì lọ.

Mo ní, "Ìyá Tósìn, mi ò fẹ́ kí o lọ."

Ó ń fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo fẹ́ràn èyí tó wà níkùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ulé yẹn á tóbi jù fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọdún méjì á di mẹ́rin, mà á sì ti kú kí o tó dé. Mo purọ́ lórí fóònù. Mo tún purọ́ fún bàbá yẹn."

Nígbà tó yíjú sí mi, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, n kò mọ èyí tí n ó gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

"O fi kẹ̀kẹ́ wọ́ mi la aṣálẹ̀ kọjá," ó wí, "kí o tó lè sọ gbólóhùn kan?"

"Ó le ju gígun kẹ̀kẹ́ lọ."

"Mà á lọ," ó wí. "Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Ọmọ mi kò ní bímọ sínú òtútù kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì kọ́. Kí ọmọ yẹn tó dá jókòó, mo ti dé ulé."

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ó dára tí mo sọ ọ́. Ọkọ̀ dé, a gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì wọ̀ ọ́.

Nílé

Ó lọ lóòótọ́, nígbà tí oṣù ìkúnlẹ̀ Tósìn pé. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, mo padà sí Ìkẹ́rẹ́, mo gún iyán ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ti ẹni méjì ni mo gún láìmọ̀. Mo sọ fún un lórí fóònù pé àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ìṣẹ́ ní ṣé n kò ní jẹ́ kí obìnrin náà gbádùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, mo ní kó máa gbádùn rẹ̀, kó ṣáà mọ̀.

Ọmọ náà dá jókòó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tósìn ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kánádà, ọmọ náà wà láàárín ìrọ̀rí méjì, ó ń mì síwá sẹ́yìn bí àgbà tó mu ẹmu. Èmi ni mo di fóònù mú nínú pálọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá Tósìn ń fa apá mi, ó ní kí n gbé e wá síwájú òun, pé orí mi ti dí òun lójú.